Wọ́n ní kí n wá máa mú TP (ẹ̀kọ́ àfọwọ́ṣe) iná ní lísè tẹkiníìkì, ṣé kí n gbà?

Oníná_Wàńdó · Àjàṣẹ́

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn, mo fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí i. Iṣẹ́ iná ni mò ń ṣe l'Àjàṣẹ́ níbí, ilé gbígbé, ṣọ́ọ̀bù, pọ́ǹpù kànga, kò sí èyí tí mi ò ṣe, mo ní BAC F3, ìwé ẹ̀rí lísè tẹkiníìkì lórí iná, mo sì ní àwọn ọmọ iṣẹ́ lọ́dọ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni dirẹ́tọ̀ lísè tẹkiníìkì kan pè mí pé ẹni tó ń bá wọn mú électrotechnique ti lọ, ṣé mi ò lè wá bíi vacataire, wákàtí díẹ̀ lọ́sẹ̀, TP ni wọ́n fẹ́ kí n mú, tíọ́rì wà lọ́wọ́ ẹlòmíì. Mo ní kó jẹ́ kí n rò ó. Ìyàwó mi ní kí n gbà kíákíá, ó fẹ́ kí wọ́n máa pe òun ní ìyàwó prof 😄

Èmi ò tíì mọ̀ o. Iṣẹ́ náà mo mọ̀ ọ́n, ìyẹn ò ní àríyànjiyàn, ṣùgbọ́n ọmọ bí ogójì nínú atẹliyé kan, èmi tí ọmọ iṣẹ́ mẹ́ta péré ń dá lágara! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti wà níbẹ̀, báwo ló ṣe rí gan-an? Kí ló máa ń jẹ àkókò èèyàn? Kí sì ni kí n bèèrè lọ́wọ́ dirẹ́tọ̀ kí n tó fọwọ́ síwèé?

Ọmọ_Alákétu · Kétu

Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbà á jàre! Àwọn tó mọṣẹ́ lọ́wọ́ ò pọ̀ ní ilé ẹ̀kọ́, ìwé ló pọ̀ lọ́wọ́ wọn. Owó oṣù ṣáà ni owó oṣù.

Ìyá_Mẹ́káníkì · Àjàṣẹ́

Owó oṣù wo? Ọmọ Alákétu, vacataire kì í gba owó oṣù o, wákàtí tó bá ṣe ni wọ́n máa kà fún un, tí àwọn ọmọ bá wà nísinmi òun náà wà nísinmi, kò sì sẹ́ni tó máa sanwó ìyẹn. Oníná, àbúrò mi, má torí owó gbà á, owó rẹ wà ní ṣáńtíyé.

Mẹ́káníkì ọkọ̀ ni mò ń kọ́ni, ó ti pẹ́. O bèèrè ohun tó ń jẹ àkókò. Wákàtí tó o máa lò níwájú àwọn ọmọ kọ́ o. Tí TP bá jẹ́ àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ ni wàá ti wà ní atẹliyé, wàá máa ka irinṣẹ́, wàá máa wo èyí tó ti bàjẹ́, wàá pín in sí tábìlì tábìlì, torí tí kọ́kọ́rọ́ mẹ́tàlá kan bá sọnù báyìí, ọmọ márùn-ún ló máa dúró máa wòran. Fiche de préparation wà níbẹ̀ tó o máa kọ, cahier de texte (ìwé tí à ń kọ ohun tá a kọ́ wọn sí) wà níbẹ̀ tó o máa kún lẹ́yìn gbogbo kíláàsì, inspecteur ò ní bi ọ́ bóyá àwọn ọmọ gbọ́, cahier de texte ló máa kọ́kọ́ ní kó o gbé wá. Máàkì wà níbẹ̀. Àbẹ̀wò sitáàjì wà níbẹ̀, wàá gun zémì láti gáráàjì kan dé òmíràn kó o lè mọ̀ bóyá ọmọ rẹ ń kọ́ṣẹ́ ni àbí wọ́n kàn ń rán an lọ ra oúnjẹ.

Ẹ̀rọ ọkọ̀ kan wà lórí irin lọ́dọ̀ wa tí àwọn ọmọ ti tú, tí wọ́n ti tò, títí àwọn bóòtù míì ò fi ní eyín mọ́. Èyí tí mo fi ń dá wọn mọ̀ ni culasse, ìdérí orí ẹ̀rọ tí bóòtù dè. Àárín ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í dè é, wọ́n á máa lọ sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, díẹ̀díẹ̀, wọn ò gbọdọ̀ fún un tán lẹ́ẹ̀kan náà. Gbogbo wọn ló lè sọ ọ́ lẹ́nu. Ó di ìgbà tí wọ́n bá mú kọ́kọ́rọ́, ẹ óò rí ọmọ tó máa ti igun bẹ̀rẹ̀, torí igun ló sún mọ́ ọn! Ẹnu rẹ̀ ti kọ́ ọ, apá rẹ̀ ò tíì kọ́ ọ, ibi tí iṣẹ́ wa wà gan-an nìyẹn.

Oníná_Wàńdó · Àjàṣẹ́

Hẹn-ẹ́n. Ẹ ṣé mà. Cahier de texte yẹn ò tiẹ̀ wá sí mi lọ́kàn rí.

Ọ̀gá_Ṣáńtíyé · Àjàṣẹ́

Ẹ má bínú sí mi o, ẹ̀yin tísà, ṣùgbọ́n mo gbọ́dọ̀ sọ tèmi torí èmi ni mò ń gba àwọn ọmọ yìí lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti kọ́ wọn tán. Ọmọ kan wá bá mi, BAC F3 tó gbóná fẹlifẹli. Mo ní kó bá mi de àwọn prise (ihò tí à ń ki pọ́lọ́ọ̀gì sí) yàrá kan. Ó bi mí léèrè section (ìnípọn wáyà), kí n tó dáhùn òun fúnra rẹ̀ sọ pé 2,5 fún prise, 1,5 fún àmpúùlù, àwọ̀ ewé tó ní yẹ́lò fún ilẹ̀, búlúù fún neutre, gbogbo ẹ̀ pé pérépéré, inú mi dùn. Kò pẹ́ lẹ́yìn tá a kó iṣẹ́ náà fún onílé ni ìyáálé pè mí pé prise kan ń rùn. Mo lọ tú u. Ọmọ yìí ò bó wáyà náà tó, orí ike ni skúrù dì mọ́, bàbà ò fi bẹ́ẹ̀ kan irin rárá, ó wá ń gbóná títí ike fi yọ́. Mo ṣí àwọn tó kù, bákan náà ni. Ìwé dáa o. Ṣùgbọ́n ta ló wo prise àkọ́kọ́ tí ọmọ yẹn dè láyé rẹ̀? Kò sẹ́ni tó wò ó!

Aspirant_Kan · Kétu

Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́ o, mo gbà pé ó dun yín. Aspirant ni mí, tísà tí ìjọba ò tíì gbà pátápátá, ENSET Lókòsà ni mo ti jáde, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwa tísà tẹkiníìkì, ìwé ẹ̀rí BAPET àti CAPET, kí ẹ má rò pé ẹni tó kàn ń ṣọ́ kíláàsì ló ń sọ̀rọ̀. Àwọn ọmọ iṣẹ́ tó wà lọ́dọ̀ ẹ̀yin ọ̀gá ńkọ́? Ọwọ́ wọn yá, wọ́n lè bó wáyà nínú òkùnkùn. Ẹ bi wọ́n pé kí ló dé tí disjoncteur (ẹ̀rọ tó ń gé iná tó bá pọ̀ jù) tó wà lórí wáyà 1,5 ò gbọdọ̀ jẹ́ 32 ampère, wọ́n á ní "bí ọ̀gá wa ṣe ń ṣe é nìyẹn". Lọ́jọ́ tí oníbàárà bá wá ní kí wọ́n fi kilimatisẹ́ọ̀ kún un, tí disjoncteur sì ń já, wọ́n á kàn fi èyí tó tóbi rọ́pò rẹ̀, wáyà á di iná inú ògiri. Èwo ló burú jù?

Fún Oníná: mo ti rí ọ̀gá oníṣẹ́ tó wá mú TP, ọwọ́ rẹ̀ dùn-ún wò, ó to tablò kan láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan, àwọn ọmọ pàtẹ́wọ́. Lọ́sẹ̀ kejì ó ní kí wọ́n to tiwọn, ẹnikẹ́ni ò mọ ibi tí wọ́n ti máa bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ti wòran tán, wọn ò kọ́ nǹkan kan. Tẹ́ ẹ bá gba iṣẹ́ yìí, ẹ má fọwọ́ kan pínsì ọmọ. Ó máa yún yín lọ́wọ́ o, ẹ máa rí i tó ń gbé e sódì, ẹ máa fẹ́ gbà á. Ẹ kó ọwọ́ sí àpò.

Ọ̀gá_Ṣáńtíyé · Àjàṣẹ́

O sọ̀rọ̀ 32 yẹn o bá mi níbi tó ń dùn mí 😂 Ó ṣẹlẹ̀ lójú mi. Mo gbà fún ọ, àbúrò.

Màmá_Faìsọ́ọ̀lù · Àjàṣẹ́

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bínú pé mo já lu ọ̀rọ̀ yín. Ọmọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ gba BEPC, F3 dáa ni àbí F4?

Ìyá_Mẹ́káníkì · Àjàṣẹ́

Màmá, ọmọ yẹn fúnra rẹ̀ ni kẹ́ ẹ bi. F3 iná ni, F4 ilé kíkọ́ ni. Ẹ mú un lọ wo atẹliyé méjèèjì kí ẹ tó kọ orúkọ rẹ̀, ẹ wo èyí tí ojú rẹ̀ lọ sí. Ẹ wá ṣí òpó tiyín kí ọ̀rọ̀ ti Oníná má sọnù.

Tísà_Bírikì · Àjàṣẹ́

Mo rí F4 mo ní kí n dé 😄 Génie civil lèmi. Ohun tí Ọ̀gá àti Aspirant ń jà lé lórí yìí, mo máa fi tèmi ṣe àpẹẹrẹ kó lè yé Oníná.

Ọmọ tó bá dé ọ̀dọ̀ mi ti mọ̀ ọ́n lórí pé kọnkéré onírin jẹ́ 350, ìyẹn 350 kílò sìmẹ́ǹtì nínú mítà kúbù kan. Mo bi í pé àpò mélòó nìyẹn, á ṣírò ó, àpò 50 kílò méje. Ó dáa. Mo bá gbé brouette (báárò) lé e lọ́wọ́, mo ní ó yá, po ó. Ìdákẹ́rọ́rọ́! Ṣáńtíyé wo ni wọ́n ti ń fi mítà kúbù wọn yanrìn? Ohun tí máṣọ́ọ̀nù ń lò ni àpò kan, brouette yanrìn kan, brouette òkúta méjì, omi bíi lítà 25, brouette tó ń gba bíi lítà 60 ni mò ń wí. Máṣọ́ọ̀nù mọ ìyẹn, kò mọ ibi tó ti wá. Ọmọ mọ 350, kò mọ ibi tó ń lọ. Mo máa ní kí wọ́n jókòó kí wọ́n ti inú 350 rìn dé ìdí brouette fúnra wọn, pẹ̀lú páálí àti kalikulétọ̀, lẹ́yìn náà a ó jáde lọ pò ó lóòótọ́. Lọ́jọ́ tí òjò bá sì ti rọ̀ sórí yanrìn inú mi máa ń dùn, torí ọmọ tó bá da lítà 25 yẹn sí i bó ṣe wà nínú ìwé, kọnkéré rẹ̀ á máa ṣàn bí ẹ̀kọ, ìgbà yẹn ló máa yé e pé omi ti wà nínú yanrìn kó tó débẹ̀. Mi ò ní láti sọ̀rọ̀ púpọ̀.

Ti irinṣẹ́ ńkọ́? Má retí pé wọ́n máa fún ọ ní ohun tó o fẹ́. Sìmẹ́ǹtì tá à ń rí lọ́dún kò tó nǹkan. Ohun tí mo wá ń ṣe nìyí: ilẹ̀ pupa wa yìí, terre de barre tó kún ilẹ̀ láti Àjàṣẹ́ lọ dé Ìṣàkété títí dé Kétu, òun ni a fi ń mọ ògiri TP. Ọmọ á po ilẹ̀ pupa mọ́ omi, á mọ igun ilé, màá fi niveau àti okùn ìwọ̀n yẹ̀ ẹ́ wò, màá wo bóyá orí bírikì kan ò bọ́ sórí ojú ìdè ti ìsàlẹ̀, màá fún un ní máàkì. Lẹ́yìn náà a ó wó o, a ó gbọn bírikì, kíláàsì tó kàn á lò ó. Bírikì kan náà ni ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ fi ń kọ́ṣẹ́. Àwọn òbí kan máa ń rò pé a fẹ́ràn ká máa wó nǹkan 😅

Ọmọ_Alákétu · Kétu

Kí ló dé tẹ́ ẹ ò kọ́ nǹkan tẹ́ ẹ máa tà? Ẹ wo Songhaï níbẹ̀ lọ́dọ̀ yín ní Wàńdó, láti 1985 tí bàbá Nzamujo ti dá a sílẹ̀, ṣebí nínú oko tó ń mówó wọlé làwọn ọmọ ti ń kọ́ṣẹ́ àgbẹ̀. Ẹran tí wọ́n ń sìn, èèyàn ń rà á.

Tísà_Bírikì · Àjàṣẹ́

Songhaï ń gbìyànjú, ta ló máa jiyàn ìyẹn? Ṣùgbọ́n rò ó wò. Tí mo bá fẹ́ ta ohun tí ọmọ ṣe, ọmọ tó mọ̀ ọ́n jù ni màá máa fi síbẹ̀ kí ọjà má bàjẹ́. Ọmọ tí kò mọ̀ ọ́n, tó jẹ́ pé torí tirẹ̀ ni mo ṣe wà níbẹ̀, omi ni màá máa rán an lọ pọn. Mo ti rí i tó ṣẹlẹ̀ níbi iṣẹ́ onírin kan, ọmọ kan ṣoṣo ló ń jó irin, àwọn yòókù ń fi búrọ́ọ̀ṣì pa á lọ́dà. Ká ṣe bẹ́ńṣì fún ilé ẹ̀kọ́ wa, ìyẹn dáa, torí bó bá wọ́ díẹ̀ kò sẹ́ni tó máa dá owó padà. Kí oníbàárà má ti wọ inú ẹ̀.

Ṣábẹ̀ẹ́_Lókè · Ṣábẹ̀ẹ́

Ẹ̀yin ará Àjàṣẹ́ ẹ kú ìjókòó o, láti ìdí òkè wa níbí ni mo ti ń kí yín. Ẹ ò tíì mẹ́nu kan àwọn ọmọ CQP, ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ ọwọ́ fún ọmọ iṣẹ́. Ohun tí mò ń ṣe nìyẹn. Láti 2005 tí ìjọba ti fi òfin gbé e kalẹ̀, ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá á máa wà ní atẹliyé ọ̀gá rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀, ọjọ́ kan á wá bá wa ní sáńtà ìkọ́ṣẹ́, ọdún mẹ́ta gbáko. Iṣẹ́ yìí yàtọ̀ sí ti lísè pátápátá. Ti lísè, ọmọ mọ̀wé kò mọṣẹ́. Tèmi, ọmọ mọṣẹ́ jù mí lọ nígbà míì! Ọmọ soudeur (ajórin) kan wà tí mo ní kó ṣàlàyé ìdí tó fi ń yí kúrántì póòsì (ẹ̀rọ ìjórin) padà tó bá mú électrode 2,5 lẹ́yìn 3,15, ó ní "mo máa ń gbọ́ ohùn rẹ̀". Òótọ́ ni, ó ń gbọ́ ohùn rẹ̀. Iṣẹ́ mi ò ju kí n fi nọ́ńbà sí ohun tó ń gbọ́.

Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni àwọn ọ̀gá. Tí ọjà bá yá, ọ̀gá ò ní jẹ́ kí ọmọ wá, á ní ó ṣàìsàn. Mo máa ń fi ẹsẹ̀ mi rìn lọ bá wọn, mi ò ní bá wọn jà, màá jókòó, màá kí wọn dáadáa, màá bèèrè iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe lọ́wọ́, màá ní "ọ̀gá, èyí tẹ́ ẹ ń ṣe yìí gan-an la máa kọ́ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ẹ jẹ́ kó wá kó lè wúlò fún yín". Ìgbà míì kì í ṣe èyí tí mo ní lọ́kàn tẹ́lẹ̀, màá yára lọ tún fiche mi kọ 😂

Fún àwọn ti lísè, tẹ́ ẹ bá ń wá ibi sitáàjì fún ọmọ F3, ilé iṣẹ́ ṣúgà wà lọ́dọ̀ wa níbí, ibi tí ọmọ ti lè rí moteur tó ga ju òun alára lọ ṣọ̀wọ́n, ẹ máa rántí ìhà òkè náà, gbogbo nǹkan kọ́ ló wà ní Kùtọnu.

Oníná_Wàńdó · Àjàṣẹ́

Mo ń ka gbogbo ẹ̀ o, ẹ ṣeun gan-an ni. Ó ti ń dùn mọ́ mi, ó sì tún ń dẹ́rù bà mí. Ìbéèrè mi nìyí: kọnkéré tó bàjẹ́, ẹ máa dà á nù. Ògiri tó wọ́, ẹ máa wó o. Iná ńkọ́? Ọmọ ogójì, 380 volt, ẹ sì ní kí n kó ọwọ́ sí àpò?

Àgbà_Kúrántì · Àjàṣẹ́

Oníná ọmọ mi, mo ti fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n F3 ni mo fi gbogbo ayé mi kọ́ni, ìbéèrè rẹ yìí ni mo ti ń dúró dè.

Ìkíní, má gba ọmọ ogójì. Sọ fún dirẹ́tọ̀ pé demi-groupe ni, ìdajì wà ní atẹliyé, ìdajì wà lọ́dọ̀ ẹlòmíì. Tó bá kọ̀, máa lọ sílé. Ìkejì, kọ́kọ́rọ́ armoire (àpótí iná) wà lápò rẹ, kò gbọdọ̀ sí ìkejì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Kí différentiel 30 mA (ẹ̀rọ tó ń gé iná tó bá ń jò sára èèyàn) wà lórí gbogbo tábìlì, kì í ṣe ọ̀kan ṣoṣo lẹ́nu ọ̀nà tí gbogbo atẹliyé máa kú tí ọmọ kan bá ṣàṣìṣe, kí bọ́tìnì pupa arrêt d'urgence sì wà níbi tí ọwọ́ rẹ lè tètè dé. Gbogbo circuit de commande (iná tó ń darí ẹ̀rọ) tó o máa kọ́ wọn níbẹ̀rẹ̀, transfo 24 volt ni kó o fi ṣe é. Contacteur (súìṣì tí iná fúnra rẹ̀ ń fà) tí bobine rẹ̀, okùn tó ń fà á, jẹ́ 24 ń wọlé "kà" bí ti 220 ni, ọmọ ń kọ́ nǹkan kan náà, ikú ò sí níbẹ̀.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ má ya schéma kankan. Bí wọ́n ṣe ń pa iná ni kó o kọ́ wọn. Ọmọ á pa disjoncteur, á fi àgádágodo tì í, á mú testeur rẹ̀, á kọ́kọ́ dán an wò níbi tí iná wà, á wá fi wo ibi tó fẹ́ fọwọ́ kàn, lẹ́yìn náà á tún padà lọ dán an wò níbi tí iná wà. Torí testeur tó ti kú kì í sọ pé òun ti kú, ohun tó máa sọ ni pé kò síná. Ọmọ tó bá fo ti ìgbẹ̀yìn yẹn, lọ́dọ̀ mi kò ní ṣe TP lọ́jọ́ náà, ẹ̀bẹ̀ ò sí níbẹ̀.

Ṣọ́ multimètre. Ọmọ kan á wọn ampère, á fi okùn pupa sí ihò 10A, tó bá ṣe tán á gbé e kalẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹnìkejì á wá wọn volt, á ti ẹnu rẹ̀ méjèèjì bọ prise. Court-circuit gidi nìyẹn, ọwọ́ ara rẹ̀ ló sì fi ṣe é. Àwọn tí owó wọn kéré yẹn míì ò tiẹ̀ ní fiusi ní ihò 10A. Nítorí náà kí okùn pupa padà sí ihò volt kí wọ́n tó gbé e sílẹ̀, kó di àṣà lára wọn bí ìgbà tí wọ́n ń pa ilẹ̀kùn dé.

Ti moteur, àwo ara rẹ̀ ni kí wọ́n kọ́kọ́ kà sókè kí gbogbo èèyàn gbọ́. Tó bá kọ 220/380, tí iná wa sì jẹ́ 380, étoile (ìdè bí ìràwọ̀) ni, bárì kékeré mẹ́ta yẹn á sùn lórí ìlà kan, W2, U2, V2. Tó bá jẹ́ 380/660, triangle (ìdè onígun mẹ́ta) ni, bárì á dúró lóòró, èyí nìkan ni wọ́n lè fi ṣe étoile-triangle, ìyẹn ká fi étoile gbéra ká tó yí i sí triangle. Ọmọ tó bá fi 220/380 ṣe triangle lórí 380, èéfín ló máa dá a lóhùn. Ó sì dáa kí wọ́n mọ ìdí tí à ń fi étoile gbéra: kúrántì tó máa fà á di ìdá mẹ́ta, ṣùgbọ́n agbára tó fi ń yí náà di ìdá mẹ́ta, torí ẹ̀ lẹ́rù tó wúwo ò fi ní gbéra bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọ̀gá ní ìgboro mọ ìdá mẹ́ta àkọ́kọ́, wọ́n gbàgbé ìkejì, wọ́n á wá ní moteur ni kò dáa.

Ìgbẹ̀yìn, èyí tí mo fẹ́ràn jù. Kí wọ́n tó wọlé, lọ ba nǹkan kan jẹ́. Mo máa ń lẹ tépù tín-ín-rín sábẹ́ contact tó ń di contacteur mú. Ọmọ á tẹ bọ́tìnì, moteur á yí, á gbé ọwọ́ kúrò, moteur á dúró. Wọ́n á ní bọ́tìnì ló bàjẹ́, wọ́n á fẹ́ tú u. Rárá o! Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ mú tournevis àyàfi tó bá kọ sínú ìwé ibi tí volt ti wà àti ibi tí kò ti sí mọ́, àti ohun tó rò pé ó fà á. Ìgbà náà ni ọwọ́ rẹ wà lápò. Kì í ṣe pé o ò ṣe nǹkan kan, ojú rẹ wà lọ́wọ́ wọn.

Ọmọ_F3_Tẹ́lẹ̀ · Àjàṣẹ́

Tépù yẹn! Bàbá, mo rò pé mo mọ̀ yín 😂😂 Odidi àárọ̀ kan ni kíláàsì wa fi wá a. Kí n sọ òótọ́, mo gbàgbé ọ̀pọ̀ nǹkan tí wọ́n kọ́ wa, mi ò gbàgbé ìwé kékeré yẹn tí a máa ń kọ "volt wà níbí, kò sí níbí". Bí mo ṣe ń wá àbùkù lẹ́nu iṣẹ́ títí dòní nìyẹn, àwọn oníbàárà á máa wò mí pé kí ni mò ń kọ, kí n má kàn tú u.

Àgbà_Kúrántì · Àjàṣẹ́

Má dárúkọ ilé ẹ̀kọ́ o 😄

Aspirant_Kan · Kétu

Bàbá, ẹ kú ọgbọ́n. Ó ku máàkì. Oníná, ẹ má fi ojú fún ọmọ ní máàkì. Ẹ ya grille (àtẹ máàkì) kí TP tó bẹ̀rẹ̀, kí àwọn ọmọ rí i: iye fún ààbò, iye fún wíwá àbùkù, iye fún bí wáyà ṣe tò, iye fún pé ó ṣiṣẹ́. Ẹ má jẹ́ kí "ó ṣiṣẹ́" jẹ gbogbo máàkì, torí ọmọ kan máa wà tí tiẹ̀ á ṣiṣẹ́ lórí wáyà tó rí jágajàga, tí skúrù rẹ̀ wà lórí ike bíi ti Ọ̀gá Ṣáńtíyé. Ẹ fa wáyà kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́ díẹ̀. Èyí tó bá jáde, ẹni tó dè é ti gba òdo níbẹ̀.

Ọ̀gá_Ṣáńtíyé · Àjàṣẹ́

Ẹni tó bá ń fa wáyà wò kí ó tó fún ọmọ ní máàkì, kó fi nọ́ńbà ọmọ náà ránṣẹ́ sí mi tó bá ti gba BAC. Mi ò ṣeré.

Ìyá_Mẹ́káníkì · Àjàṣẹ́

Ọ̀gá, ẹ gba ọmọ fún sitáàjì ná, kí ẹ tó máa dúró de BAC! Àwọn ọmọ obìnrin méjì wà ní kíláàsì F3 tí wọ́n ń wá ibi sitáàjì báyìí, ẹni tí wọ́n bá lọ bá, á ní iṣẹ́ gígun àkàbà kì í ṣe tobìnrin. Ẹ jẹ́ kí n mọ̀ tí àkàbà tiyín bá gba obìnrin.

Ọ̀gá_Ṣáńtíyé · Àjàṣẹ́

Ó gbà wọ́n. Kí wọ́n wá lọ́jọ́ Ajé, kí wọ́n wọ bàtà tó bo ẹsẹ̀, kì í ṣe sálúbàtà.

Oníná_Wàńdó · Àjàṣẹ́

Ẹ̀yin ará, mo ti lọ wo atẹliyé o. Mo ṣe bí Àgbà ṣe wí, mi ò fọwọ́ síwèé, mo ní kí wọ́n kọ́kọ́ ṣí ilẹ̀kùn fún mi. Armoire kò ní kọ́kọ́rọ́, wáyà ni wọ́n fi so ó pa. Différentiel kan ṣoṣo ló wà, ẹnu ọ̀nà ló wà. Moteur méjì, ọ̀kan jẹ́ 380/660, ó mọ́ tónítóní, bóyá ẹnikẹ́ni ò tiẹ̀ lò ó rí. Ìkejì, wọ́n ti fi ọ̀dà búlúù pa á, àwo rẹ̀ náà wà lábẹ́ ọ̀dà, mi ò rí nǹkan kan kà. Multimètre wà dáadáa, mo wò wọ́n, mẹ́ta nínú wọn okùn pupa wà ní 10A 🤦

Mo bá dirẹ́tọ̀ sọ̀rọ̀, èèyàn dáadáa ni, ó gbà demi-groupe lójú ẹsẹ̀, ó ní àgádágodo á wà kí oṣù tó parí, ti différentiel orí tábìlì ó ní òun á kọ lẹ́tà. Mo ní tí lẹ́tà bá ti dáhùn ni a óò bẹ̀rẹ̀ 380, títí dìgbà yẹn 24 volt ni. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun gbà. Nítorí náà mo ti gbà á o, ìyàwó mi ti ń dáhùn "prof" ládùúgbò. Àgbà, kí ni kí n fi moteur aláìlórúkọ yẹn ṣe?

Àgbà_Kúrántì · Àjàṣẹ́

Má fi kúrántì sí i. Ó dáa bẹ́ẹ̀ náà. Yọ àwọn bárì rẹ̀ kúrò, bo àwọn lẹ́tà inú àpótí rẹ̀, fún àwọn ọmọ ní ohmmètre, kí wọ́n wá okùn bàbà inú rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jáde nínú ẹnu mẹ́fà náà, kí wọ́n wò ó bóyá ohm wọn dọ́gba. Tẹ́ ẹ bá rí mégohmmètre (ẹ̀rọ tó ń wò bóyá iná ń jò) yá, kí wọ́n wọn ti okùn sí ara irin, tó bá dín ní mégohm kan, omi tàbí iná ti bá inú rẹ̀ jẹ́. TP méjì nìyẹn kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. Ọ̀dà náà, fi pẹtiróòlù díẹ̀ rọra nu ún, àwọn àwo kan fín ni wọ́n fín in, bóyá wàá rí i kà.

Oníná_Wàńdó · Àjàṣẹ́

Mo gbọ́, bàbá. Ó ku contacteur, èyí tó wà níbẹ̀ kò tó nǹkan. Ẹni tó bá ní àlòkù nílé kó bá mi wá a.

Ọ̀gá_Ṣáńtíyé · Àjàṣẹ́

Mo ní bíi mélòó kan tí mo tú kúrò níbi iṣẹ́, wá kó wọn lọ́fẹ̀ẹ́. Bobine 220 ni o.

Oníná_Wàńdó · Àjàṣẹ́

24 ni mo fẹ́, ọ̀gá, Àgbà máa pa mí.

Àgbà_Kúrántì · Àjàṣẹ́

Gbà wọ́n. Wọ́n ń ta bobine lọ́tọ̀ fún ọ̀pọ̀ wọn, wo nọ́ńbà tó wà lára rẹ̀ kó o tó lọ sọ́jà. Àwọn ọmọ ni kó o ní kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀.

Oníná_Wàńdó · Àjàṣẹ́

TP kẹta nìyẹn 😄 Ọ̀gá, mò ń bọ̀ lọ́la lẹ́yìn iṣẹ́, tí ẹ ò bá sí nílé ẹ fi í sílẹ̀ lọ́dọ̀ ọmọ iṣẹ́ yín.